Dáíkọ̀n Inú Àsáró

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ se dáíkọ̀n nílé wa, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo purọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń hó nínú ìkòkò ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá láti Òṣogbo sí Àtìláńtà kí wọ́n lè bá mi wẹ ọmọ, gbé imú sókè ní pálọ̀.

"Ìyàwó, kí ló ń rùn báyìí?"

"Ọmọ ni, Màmá. Ó jọ pé ó ti yàgbẹ́."

Wọ́n tú dáípà ọmọ, wọ́n wò ó, wọ́n tún un dè. "Ọmọ yìí ò yàgbẹ́ o. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní."

"Ó lè jẹ́ pé ó só ni, Màmá."

"Irú isó wo lèyí? Kí lo jẹ kí o tó fún un lọ́mú?"

Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti fi ọwọ́ di imú, ó ń sáré yí àga ká: "Baby farted! Baby farted!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìrora ni mo fi ń rẹ́rìn-ín, torí pé irọ́ tí mo ń pa lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ti isó nìkan.

Ẹni tí kò bá mọ dáíkọ̀n, kó ro kárọ́ọ̀tì tó sanra, tó funfun bí eyín, tó gùn tó apá ọmọdé. Ó máa ń wà ní ọjà ńlá tí a ti ń ra iṣu ní ìhà Tucker, kò jìnnà rárá sí ibi tí wọ́n to iṣu Gánà sí. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń rí i níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Ara ilé ẹlòmíì ni mo kà á sí.

Àtọ̀gbẹ ló gbé mi dé ìdí rẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń bá Màmá fínra. Wọ́n kó oògùn wọn bọ̀ láti ilé, hóró kan láràárọ̀, ìdajì wákàtí kí wọ́n tó jẹun. Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ mi gbé gbogbo wa lọ sí kíníkì kan ní Decatur. Nọ́ọ̀sì gún Màmá níka, ó wo ẹ̀rọ, ó mi orí. Ó ní kí wọ́n dín iṣu kù, kí wọ́n dín ìrẹsì kù, kí wọ́n dín búrẹ́dì kù. Èmi ni mò ń túmọ̀, torí pé ọkọ mi ń bá àwọn tó wà nídìí káńtà sọ̀rọ̀ ìwé. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n bá àwọn bi nọ́ọ̀sì bóyá koríko ló kù tí àwọn ó máa jẹ.

Kí a tó dìde, nọ́ọ̀sì sọ nǹkan kan sí i. Ó ní bí Màmá bá lo oògùn tí wọn ò jẹun, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì. Ó ní bí mo bá rí i tí wọ́n ń làágùn, tí ara wọn ń gbọ̀n, kí n yára fún wọn ní ohun dídùn mu. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ohun tí etí tèmi mú níbẹ̀ ni "tí wọn ò bá jẹun". Màmá wa tí wọ́n máa ń jẹ àwo méjì! Mo ní ìyẹn ò kàn wá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí mo ṣe wà nígbà náà, kó má dà bíi pé ìwà ọ̀dájú ni mo hù. Ẹ̀rù ló ń darí mi. Ọkọ mi ń wa tírélà, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin kó tó wọlé. Nínú ilé wa ní Stone Mountain, èmi àti ọmọ méjì àti ìyá àgbàlagbà tí ṣúgà rẹ̀ ga ni. Tí ọmọ bá sùn, mà á gbé etí sí imú rẹ̀. Tí Màmá bá sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án, mà á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mà á máa wo àyà wọn bóyá ó ń lọ sókè sódò. Ohun tí mò ń bẹ̀rù jù lọ láyé ni kí ìyá ọkọ kú sí mi lọ́wọ́. Ìyá tó wọ bàálù wá nítorí ọmọ mi! Kí ni n ó wí fún àwọn ará Òṣogbo? Pé iṣu ni mo fún wọn jẹ pa?

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Fóònù ni tíṣà mi. Níbi tí mo ti ń fún ọmọ lọ́mú ni mo ti rí obìnrin kan nínú fídíò tó ń gé dáíkọ̀n wẹ́wẹ́, tó ń sè é bí ẹni ń se ọ̀dùnkún. Ó ní kò sí ṣúgà kan lọ títí nínú rẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kejì mo ti wà lọ́jà. Èyí tí mo mú fúyẹ́, ìyá àgbà kan tó ń ṣa tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbà á lọ́wọ́ mi láìsọ̀rọ̀, ó dá a padà, ó sì gbé òmíràn tó wúwo, tó le gbagidi, lé mi lọ́wọ́. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ hàn mí. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mà á bó o dáadáa, torí pé abẹ́ èèpo rẹ̀ korò. Mà á gé e bí a ṣe ń gé iṣu àsáró gan-an. Obìnrin inú fídíò ní kí á kọ́kọ́ fi omi ìṣanrẹsì bọ̀ ọ́ kí ìkorò rẹ̀ lè jáde; ìgbà tó bá ń jáde yẹn ló ń rùn. Lẹ́yìn náà, mà á da omi yẹn nù, mà á pò ó mọ́ iṣu, ìdajì sí ìdajì, mà á wá da ata lílọ̀ lé e, epo pupa, edé, ẹja gbígbẹ tó pọ̀ dáadáa. Iṣu á fọ́, á mú kí ọbẹ̀ ki. Dáíkọ̀n kì í fọ́ ní tirẹ̀. Á kàn dúró síbẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, á mu epo, á pọ́n, á máa wò mí.

Màmá jẹ ṣíbí àkọ́kọ́, wọ́n dúró.

"Omi ti pọ̀ jù nínú iṣu ìlú yín yìí."

"Bí iṣu ibí ṣe rí nìyẹn, Màmá."

Wọ́n jẹ òmíràn. Wọ́n wo ṣíbí. Wọ́n fi ahọ́n wá ètè wọn kiri bí ẹni tí nǹkan sọnù sí lẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Láràárọ̀ ni mo ń gún wọn níka, ẹ̀rọ tí kíníkì fún wa sì ń fi hàn pé ṣúgà ń wálẹ̀. Ọkọ mi pè láti ojú ọ̀nà: "Kí lò ń ṣe fún ìyá mi?" Mo ní àdúrà ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jẹ́rìí pé láti ìgbà tí àwọn ti dé Àtìláńtà, Ọlọ́run ti ń wo àwọn sàn nínú iṣu gan-an tí wọ́n ní kí àwọn má jẹ. Gbogbo ilé pariwo halelúyà. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ọmọ wà lẹ́yìn mi, ojú mi wà nílẹ̀.

Irọ́ tó bá ń so èso rere ṣòro láti fi sílẹ̀. Dípò kí n jẹ́wọ́, mo tún fi kún un. Ìdajì iṣu di ìdá kan nínú mẹ́ta, ó di ègé mélòó kan. Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan tí mo wo abẹ́ sínkì, iṣu ti tán. Òjò ń rọ̀ lóde, ọmọ ò jẹ́ kí n sùn, dáíkọ̀n méjì sì wà nísàlẹ̀ fíríìjì nínú lailọ́ọ̀nù dúdú. Mo se dáíkọ̀n nìkan. Mo fi ẹ̀gúsí díẹ̀ mú un ki. Màmá lo oògùn wọn, wọ́n dúró di ìdajì wákàtí, wọ́n jẹ àwo kan àti ààbọ̀. Mo fi ojú mi rí wọn.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, wọ́n ní kí n gbé ọmọ wá.

Màmá ò lè wẹ ọmọ lórí ìdúró bíi tèmi. Àpótí tí wọ́n ń jókòó lé ní Òṣogbo ni wọ́n dì mọ́ ẹrù wá. Wọ́n á gbé e kalẹ̀ ní báfúrúùmù, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ lé ojúgun. Wọ́n á fi ọwọ́ dán omi wò, wọ́n á mú kànìnkànìn àti ọṣẹ, wọ́n á máa kì í bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jù ú sókè, mo máa ń sá lọ sí kíṣìnnì, torí pé àyà mi ò gbà á. Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ̀lì.

Wọ́n ti fọ orí. Wọ́n yí ọmọ dojú délẹ̀. Oríkì dáwọ́ dúró láàárín.

Omi ń kán láti ara kànìnkànìn, ó ń kán kíákíá jù. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé kànìnkànìn ló ń gbọ̀n. Òógùn ti bo iwájú orí Màmá, afẹ́fẹ́ tútù sì ń fẹ́ látòkè.

"Màmá?"

Wọ́n gbójú sókè. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo àjèjì.

"Ọmọ ta nìyí?" ni wọ́n wí. "Ta ló gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀?"

Ọmọ ti ń yọ̀ lọ pẹ̀lú ọṣẹ lára. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Abíyá kan àti itan kan ni mo rí gbá mú. Ó figbe ta. Mo tẹ́ ẹ sórí táwẹ̀lì nílẹ̀, mo gbá Màmá mọ́ àyà kí wọ́n má bàa ṣubú láti orí àpótí.

Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì wí ló ń ṣẹlẹ̀ lójú mi, síbẹ̀ mi ò gbà. Wọ́n ti jẹun! Àwo kan àti ààbọ̀! Àfi ìgbà tó yé mi, bí ẹni da omi yìnyín sí mi lẹ́yìn. Wọ́n jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni mo bù fún wọn? Omi tí mo fi epo kùn. Oògùn ti wọ inú wọn lọ, ó ń wá iṣu tí yóò bá jà, kò bá iṣu kankan níbẹ̀. Màmá fúnra wọn ló wá ń bá jà.

Mo ké sí àkọ́bí mi pé kó mú jùsì wá nínú fíríìjì. Páálí kékeré onísitírọ́ọ̀ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"That's mine! You said after lunch!"

"Mú un wá kí n tó débẹ̀!"

Ó gbé e wá tòun ti ẹkún. Mo fi eyín fa bébà sitírọ́ọ̀ ya, mo kì í bọ Màmá lẹ́nu. "Ẹ fà á, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á." Wọ́n gé sitírọ́ọ̀ jẹ. Mo bá wọn fún páálí náà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé e mì. Ọ̀fun wọn ń lọ, mo ń wò ó. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á fúnra wọn. Àkọ́bí mi wo ojú wọn, ẹkún rẹ̀ dá. Ó padà lọ, ó mú páálí kejì wá, ó ti ki sitírọ́ọ̀ bọ̀ ọ́.

"Grandma can have it. Ṣé Grandma fẹ́ kú ni?"

"Rárá," ni mo wí, mi ò sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Mo ti tẹ nọ́ńbà àwọn tí ń gbé ọkọ̀ àìsàn wá sórí fóònù, àtàǹpàkò mi wà lórí rẹ̀. Mo gún wọn níka. Méjìdínláàádọ́ta, ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù. Mo ka Sáàmù díẹ̀, mo dá a dúró lágbedeméjì, mo tún gún wọn níka. Ó ti ń gòkè. Òógùn ń gbẹ. Màmá wo ọmọ tó wà nílẹ̀ nínú táwẹ̀lì, ọṣẹ ti gbẹ sí i lára.

"Ta ló fi ọmọ mi sílẹ̀ nínú òtútù?" ni wọ́n wí. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Mo pe kíníkì, wọ́n ní kí n gbé wọn wá lọ́sàn-án yẹn. Mo wọ ọmọ láṣọ. Màmá jókòó lórí àga, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè.

"Mo jẹun," ni wọ́n wí. "Ìwọ náà rí i pé mo jẹun. A jẹ́ pé àìsàn yìí ti kọjá ohun tí oúnjẹ ń bá wí. Sọ fún ọkọ rẹ kó wá tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Mi ò ní í gbé ọmọ yẹn mọ́. Ọwọ́ tó gbàgbé ọmọ, kò yẹ kó wẹ ọmọ."

Ó rọrùn fún mi láti dákẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ro kíníkì. Nọ́ọ̀sì yóò bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ, Màmá yóò ní iṣu, èmi ni n ó sì túmọ̀ rẹ̀. Ẹnu mi ni irọ́ náà yóò gbà dé inú ìwé wọn, oògùn tí wọn ó kọ yóò sì dúró lórí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Màmá, kì í ṣe iṣu."

"Kí ni kì í ṣe iṣu?"

"Ohun tí ẹ jẹ láàárọ̀. Àti èyí tí ẹ ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí. Ìdajì rẹ̀ kì í ṣe iṣu. Tòní, kò sí iṣu kankan nínú rẹ̀. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé mò ń gbà yín là ni."

Wọ́n ní kí n gbé ohun tí mo fi rọ́pò iṣu wá kí àwọn rí i. Ó ku ààbọ̀ kan nínú lailọ́ọ̀nù dúdú. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n wá wo ọmọ tó ti sùn.

"Òun ló ń rùn! Òun lo sì ń purọ́ rẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ!"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú wọn ò sì jẹ́. Ohùn wọn rọlẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń lá iyọ̀? Tí o bá wọ yàrá, mà á bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mà á lá a, kí n mọ̀ bóyá ẹnu mi ṣì ń tọ́ nǹkan wò. Kí ìyá mi tó kú, wọn ò mọ adùn mọ́. Mò ń jẹ iṣu, kò dùn bí iṣu. Mo ní ó ti dé nìyẹn. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ti gbọ́ èébú rí, mo ti gbọ́ tí wọ́n fi ẹbí mi bú mi. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó iyọ̀ yẹn. Èmi ń ṣọ́ èémí wọn lórí àga, mi ò mọ̀ pé àwọn náà ń ṣọ́ ahọ́n wọn ní kọ̀rọ̀ nítorí mi.

Ní kíníkì, mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, títí kan ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Nọ́ọ̀sì ní oúnjẹ yẹn kò burú, pé bí mo ṣe ń ṣe é láìsọ ló fẹ́ pa ìyá. Dókítà gé oògùn sí ìdajì. Ó ní kí wọ́n máa jẹ iṣu díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lò ó.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Màmá ò fi jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi. Wọ́n ń se tiwọn, wọ́n ń bó iṣu wọn fúnra wọn, mò ń wẹ ọmọ fúnra mi, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fi fún àjèjì. Ọkọ mi wọlé, ó gbọ́, ó bá mi bẹ̀ wọ́n. "Mo ti gbọ́," ni Màmá wí, wọ́n ń bó iṣu lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, mo jí bá wọn ní kíṣìnnì. Wọ́n ti gé ààbọ̀ dáíkọ̀n yẹn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ̀ẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fún omi rẹ̀, wọ́n ń yí i nínú epo pẹ̀lú irú àti ata rodo bí ẹni ń ro ẹ̀fọ́. Ègé iṣu méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwo, lọ́tọ̀. Wọ́n bù ú sí mi lẹ́nu. Ó dùn ju gbogbo àsáró tí mo ti fi í sè lọ.

"Jẹ́ kí nǹkan jẹ́ ohun tó bá jẹ́," ni wọ́n wí. "Iṣu irọ́ lásán-làsàn." Orúkọ tó ń jẹ́ nílé wa nìyẹn títí di òní. Àkọ́bí mi gan-an ti sọ ọ́ lọ́jà, ó nàka sí i láàárín àwọn ènìyàn: "Mummy, see ishu iro!"

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, Màmá kì í kàn lo oògùn mọ́. Wọ́n á mú ìgò rẹ̀ dání, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Kí ló wà nínú ìkòkò?"

Mà á kà á sílẹ̀ fún wọn. Iṣu, ègé mẹ́ta. Dáíkọ̀n, ìkúnwọ́ kan. Edé. Epo. Mi ò gbọ́dọ̀ gbàgbé iyọ̀. Wọ́n á gbọ́ ọ dópin, wọ́n á wá ṣí ìgò.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àpótí lọ sí báfúrúùmù láìsọ fún mi. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń dà, mo sáré, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ láyà, mi ò lè gbé e kalẹ̀. Màmá wò mí. Wọn ò ní kí n gbé e wá. Wọ́n kọ́kọ́ na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi, wọ́n dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, wọ́n fẹ àwọn ìka sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n mú un dúró níbẹ̀ kí n wò ó bó bá ṣe wù mí pẹ́ tó.

Mo wò ó. Ó dúró ṣinṣin. Mo gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀.